Èwo nínú àwọn fíìmù tí Roger Ebert fẹ́ràn ni kéèyàn kọ́kọ́ wò?

Ọmọ Òkè-Àdó

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Ọ̀rẹ́ mi kan ló fi Life Itself hàn mí, fíìmù tí wọ́n ṣe nípa Roger Ebert, lámèyítọ́ fíìmù tó ń kọ̀wé fún ìwé ìròyìn Chicago Sun-Times láti 1967 títí tó fi kú ní 2013. Jẹjẹrẹ ba àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ẹ̀ jẹ́, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, kò lè fẹnu jẹun mọ́, síbẹ̀ ńṣe ló ń kọ̀wé lọ. Ohun tó wọ̀ mí lára jù ni pé ó gbà pé ẹ̀rọ ni fíìmù, ẹ̀rọ tó ń jẹ́ ká mọ bó ṣe ń ṣe ẹlòmíì lára. Àtìgbà yẹn ni mo ti fẹ́ mọ irú fíìmù tí ọkùnrin yìí fẹ́ràn, mi ò sọ ti Hollywood o, ìyẹn ti pọ̀ lójú mi, àwọn tí wọ́n fi owó kékeré ṣe láìsí ilé-iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn wọn ni mò ń wá, àwọn ti ilẹ̀ mìíràn, àti dọkumẹ́ńtárì.

Ìṣòro mi rèé. Dátà wọ́n. Ìyàwó mi ò fẹ́ràn fíìmù tó ní subtitle, ó ní òun ò lè máa wòran kóun tún máa kàwé. Àwọn ọmọ wà nílé pẹ̀lú, èyí àgbà nínú wọn ò tíì pé mẹ́tàlá. Mo wo list fíìmù mẹ́wàá tó mú pé ó dáa jù láyé fún ìwé ìròyìn Sight & Sound ní 2012, mo rí Aguirre, mo rí La Dolce Vita, mo rí Tokyo Story, mi ò wá mọ èyí tí màá fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wò wọ́n, ẹ bá mi dá sí i.

Ìyá Ìbejì Peckham

Ẹ gbàgbé list mẹ́wàá yẹn ná. Children of Heaven ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Majid Majidi ló ṣe é ní Ìráànù ní 1997, Ebert sì fún un ní ìràwọ̀ mẹ́rin, mẹ́rin yẹn náà ni gbogbo ẹ̀ lọ́dọ̀ tiẹ̀, kì í ṣe márùn-ún, ẹ jẹ́ kó yé yín kẹ́ ẹ má bàa rí mẹ́rin kẹ́ ẹ rò pé ó kù síbì kan.

Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ali mú bàtà àbúrò ẹ̀ Zahra lọ sọ́dọ̀ aránbàtà, bó ṣe ń bọ̀ ló yà lọ ra ọ̀dùnkún, bàtà bá sọ nù. Bàbá wọn ò lówó, àwọn ọmọ yẹn náà mọ̀ pé kò lówó, ni wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe àṣírí. Bàtà Ali nìkan ni àwọn méjèèjì wá ń wọ̀. Zahra á wọ̀ ọ́ lọ síléèwé láàárọ̀, tí wọ́n bá ti jáde á sáré bọ̀, Ali á ti dúró sí kọ̀rọ̀ àdúgbò, á gbà á lẹ́sẹ̀ ẹ̀, òun náà á wá sáré lọ sí tọ̀sán. Kò síbọn, kò sẹ́ni tó kú, kò sí ìṣekúṣe kankan níbẹ̀, àmọ́ àyà yín á máa já láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin torí bàtà. Àti ibi eré ìje yẹn! Bàtà ni ẹ̀bùn ẹni tó bá ṣe ìkẹta, nítorí náà Ali ò fẹ́ ṣe ìkíní rárá, ìkẹta ló ń wá. Mi ò ní sọ bó ṣe parí. Àwọn ọmọ mi dìde dúró níwájú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń pariwo mọ́ ọn pé kó máa sá lọ.

Ní ti subtitle, èmi ni mo kọ́kọ́ ń kà á sókè fún wọn, mò ń fi Yorùbá sọ ọ́ bó ṣe ń jáde. Nígbà tó rẹ̀ mí tí mo dákẹ́, kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ló dé. Ẹ bá ìyàwó yín ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́, ẹ ó rí i.

Awakọ̀ Houston

Ìyá Ìbejì ti sọ èyí tọ́mọdé lè wò, ẹ jẹ́ n sọ tàwọn àgbà. Goodbye Solo, 2008. Ramin Bahrani ló ṣe é, Ìráànù làwọn òbí ẹ̀ ti wá ṣùgbọ́n Winston-Salem ní North Carolina ni wọ́n bí òun sí, ibẹ̀ náà ló sì ti ya fíìmù yìí. Ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàlì ni Solo, takisí ló ń wà, ọlọ́yàyà èèyàn ni, kò sí pàsẹ́ńjà tí kì í bá tàkúrọ̀sọ, ó wá gbé bàbá òyìnbó kan lálẹ́ ọjọ́ kan, William lorúkọ ẹ̀, bàbá yẹn ní òun máa fún un ní ẹgbẹ̀rún dọ́là kó gbé òun lọ sórí òkè kan tí wọ́n ń pè ní Blowing Rock lọ́jọ́ báyìí báyìí, àlọ nìkan, kò sí àbọ̀. Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tó wà lọ́kàn bàbá yẹn, Solo náà sì mọ̀ ọ́n. Látìgbà yẹn ni ò ti fi bàbá yẹn lọ́rùn sílẹ̀ mọ́, ó ń gbé e kiri, ó ń mú un délé, ó mú un mọ ọmọ ìyàwó ẹ̀, torí lọ́dọ̀ tiwa èèyàn ò lè rí àgbàlagbà tó fẹ́ para ẹ̀ kó ní kò kan òun, lọ́dọ̀ tiwọn wọ́n á ní ọ̀rọ̀ onítọ̀hún nìyẹn, má dá sí i, àárín ìwà méjèèjì yẹn ni fíìmù náà wà títí tó fi dé orí òkè.

Mo ti wa takisí nílùú yìí rí, mo mọ ohun tí mò ń wí. Ọ̀pọ̀ fíìmù, tí wọ́n bá fi awakọ̀ ọmọ Áfíríkà hàn, ìṣẹ́jú méjì ni, á sọ̀rọ̀ kan tó pani lẹ́rìn-ín, ó tán. Níbí, Solo ló ni ìtàn. Ó ń kàwé fún ìdánwò kó lè máa ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òfuurufú, ìyàwó ẹ̀ ò fara mọ́ ọn, ìjà tí wọ́n ń jà lórí ẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé òkè òkun. Souléymane Sy Savané ló ṣe Solo, ọmọ Côte d'Ivoire ni, ó ṣe é débi pé mi ò rántí pé òṣèré ni.

Ebert kọ̀wé lórí Bahrani yìí títí ayé fi mọ̀ ọ́n. Tẹ́ ẹ bá ti wo Solo tán, ẹ wá Man Push Cart, ti ọmọ Pakísítáànì tó jẹ́ olórin nílé tó wá ń ti ọmọlanke tó fi ń ta kọfí ní Manhattan kí ilẹ̀ tó mọ́, kẹ́ ẹ wá Chop Shop, ti ọmọkùnrin kan àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin tí wọ́n ń sun òkè ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ní Queens, tí wọ́n ń tọ́jú owó pamọ́ láti ra mọ́tò tí wọ́n á fi máa ta oúnjẹ. Ebert ka Chop Shop mọ́ àwọn fíìmù mẹ́wàá tó dáa jù láàárín 2000 sí 2009. Nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, Gẹ̀ẹ́sì ló sì pọ̀ jù lẹ́nu wọn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Tíṣà Eré Ìdárayá

Iléèwé girama ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré ìdárayá, ẹ gbà mí láyè, tèmi máa gùn díẹ̀.

Hoop Dreams, 1994. Steve James ló darí ẹ̀, òun yẹn náà ló wá ṣe Life Itself tí Ọmọ Òkè-Àdó wò, lẹ́yìn ogún ọdún. Ebert ní òun ló dáa jù nínú gbogbo fíìmù ọdún náà, nígbà tó yá ó tún ní òun ló dáa jù láàárín 1990 sí 1999, kì í sì í ṣe láàárín àwọn dọkumẹ́ńtárì nìkan. Òun àti Gene Siskel, lámèyítọ́ tí wọ́n jọ ń ṣe ètò, ti yìn ín lórí tẹlifíṣọ̀n nígbà tí kò tiẹ̀ tíì sí ilé-iṣẹ́ tó gbà á pé òun máa gbé e jáde.

Ọmọkùnrin dúdú méjì ní Chicago, William Gates àti Arthur Agee, wọ́n mọ básíkẹ́ẹ̀tì gbá dáadáa. Ẹnì kan tó máa ń wá ọmọ tó lẹ́bùn kiri rí Arthur lórí pápá àdúgbò, ó mú un lọ sí St. Joseph, iléèwé ìjọ Kátólíìkì tó wà lẹ́yìn ìlú, iléèwé tí Isiah Thomas, gbajúmọ̀ agbábásíkẹ́ẹ̀tì, ti jáde. William náà wà níbẹ̀. Ilẹ̀ ò ní tíì mọ́ tí wọ́n á ti wọkọ̀. William rí ẹni tó ń bá a san owó iléèwé, Arthur ò rí, nígbà tí owó ò délẹ̀, wọ́n lé e jáde láàárín tááàmù, ó lọ sí Marshall, iléèwé ìjọba. Ìgbà yẹn gan-an ni ìtàn bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, orúnkún William bàjẹ́, Arthur tí wọ́n ti pa tì wá ń gòkè. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé, bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí wọn nìyẹn.

Àwọn tó ṣe é rò pé fíìmù ọgbọ̀n ìṣẹ́jú làwọn fẹ́ ṣe fún tẹlifíṣọ̀n. Ọdún márùn-ún ni wọ́n lò lẹ́yìn àwọn ọmọ yìí, ohun tí wọ́n yà lé ní 250 wákàtí, òun ni wọ́n gé dé wákàtí mẹ́ta dín díẹ̀. Ìdí tó fi lágbára nìyẹn, torí pé wọn ò kúrò níbẹ̀. Tí NEPA ilé Arthur bá ti di pé wọ́n já a (ẹ jẹ́ n pè é bẹ́ẹ̀), wọ́n wà níbẹ̀, nígbà tí bàbá ẹ̀ wá sí pápá tí wọ́n ti ń ta oògùn olóró, ọmọ ń wo bàbá ẹ̀, wọ́n wà níbẹ̀. Nígbà tí ìyá ẹ̀, Sheila, gbọ́ pé òun ló gba máàkì tó ga jù nínú kíláàsì àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n wà níbẹ̀, inú ilé tí wọ́n ti já iná ẹ̀ ni obìnrin yẹn ti ń bọ̀, mo sunkún, mi ò fi bò. Mo ti fi apá ibẹ̀ yẹn han àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ tí wọ́n rò pé bọ́ọ̀lù nìkan ló lè gbé ilé àwọn dìde.

Àwọn tó ń dìbò Oscar ò fà á kalẹ̀ fún dọkumẹ́ńtárì tó dáa jù, àfi ti bí wọ́n ṣe gé fíìmù pọ̀ nìkan. Ariwo tó tẹ̀ lé ìyẹn pọ̀ débi pé wọ́n ní láti tún ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dìbò fún dọkumẹ́ńtárì ṣe.

Ẹ pín in sí alẹ́ méjì, kò sóhun tó máa bàjẹ́.

Tí ìyẹn bá wọ̀ yín lára, Up ló kàn, ọ̀wọ́ dọkumẹ́ńtárì ni. Ní 1964, tẹlifíṣọ̀n Granada ní Ìlú Ọba mú ọmọ ọdún méje 14, ọmọ olówó àti ọmọ tálákà, wọ́n bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ dà. Lẹ́yìn ìyẹn, ọdún méje méje ni Michael Apted ń padà sọ́dọ̀ wọn, títí dé 63 Up ní 2019, òun fúnra ẹ̀ kú ní 2021. Tony tó fẹ́ máa gun ẹṣin nínú eré ìje wá di awakọ̀ takisí. Neil, ọmọ tó ń yọ̀ ṣẹ̀rẹ̀ṣẹ̀rẹ̀ lọ́mọ ọdún méje, kò nílé lórí nígbà tó pé 28, nígbà tó yá ó di káńsílọ̀. Ẹ má wulẹ̀ wá èyí tàkọ́kọ́ lọ. 28 Up ni kẹ́ ẹ mú, òun wà nínú list mẹ́wàá Ebert ní 1992, ó sì máa ń fi àwọn ti ìgbà kékeré wọn hàn láàárín, ẹ ò ní sọ nù.

Akọ̀wé Alẹ́

Ìyá Ìbejì ní ká gbàgbé list mẹ́wàá, mi ò fara mọ́ ọn tán. Aguirre ò le. Nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀ ni, 1972, Werner Herzog ará Jámánì ló ṣe é nínú igbó Peru. Àwọn ọmọ ogun Sípéènì ń wá ìlú wúrà tí kò sí níbì kankan, wọ́n ń fi pákó léfòó lórí odò, ebi ń pa wọ́n, ọfà ń ba wọ́n láti inú igbó, ọ̀gá wọn ti ya wèrè, síbẹ̀ ó ń fi ara ẹ̀ jọba. Ọ̀rọ̀ ẹnu ò pọ̀ nínú ẹ̀, ẹni tí kò fẹ́ràn subtitle tiẹ̀ lè gbádùn ẹ̀ ju ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀ lọ. Ẹ sáà wo ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀, èèyàn lọ jàra lójú òkè, ìkùukùu bolẹ̀, wọ́n ń gbé ìbọn àgbá àti adìyẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí òyìnbó ṣe wọ ilẹ̀ tiwa náà á rí nǹkan wò níbẹ̀.

La Dolce Vita ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ ná. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́ta, òru Róòmù, pátì lórí pátì. Ebert alára kọ ọ́ pé nígbà tóun wà lọ́dọ̀ọ́, ayé Marcello, akọ̀ròyìn inú ẹ̀, wu òun, nígbà tóun dàgbà, àánú ẹ̀ ló ń ṣe òun. Fíìmù téèyàn ń bá dàgbà ni, kò yẹ fún ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ n fi Gates of Heaven ti Errol Morris kún un, 1978, dọkumẹ́ńtárì lórí ibi tí wọ́n ti ń sin ajá àti ológbò ní California. Ebert kà á mọ́ àwọn fíìmù tó dáa jù láyé, ẹnu ya ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ̀rín á kọ́kọ́ pa yín, ṣe bí wọ́n ṣe ń sin èèyàn ni wọ́n ń sin ajá, àmọ́ fíìmù yẹn ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ó kàn jókòó tì wọ́n, ó ń gbọ́ wọn, títí tẹ́ ẹ ó fi rí i pé ìdánìkanwà àwọn èèyàn yẹn lọ̀rọ̀ wà. Herzog ti búra pé tí Morris bá lè parí fíìmù yẹn, òun á jẹ bàtà òun. Morris parí ẹ̀. Herzog se bàtà, ó jẹ ẹ́ níwájú èèyàn, Les Blank sì ya ìyẹn náà.

Òṣìṣẹ́ Sẹkitéríàtì

Mo kí gbogbo yín. Iṣẹ́ ìjọba ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, torí náà Ikiru ni tèmi, Akira Kurosawa, Jàpáànù, 1952. Watanabe ti lo ọgbọ̀n ọdún nídìí tábìlì, fáìlì ló ń tẹ òǹtẹ̀ sí. Àwọn ìyá àdúgbò kan wá pé kí wọ́n bá àwọn tún ibi tí omi ìdọ̀tí ń gbárí jọ sí ṣe kó di ibi ìṣeré fáwọn ọmọ, ọ́fíìsì yìí ní kí wọ́n lọ sí tọ̀hún, tọ̀hún ní kí wọ́n lọ sí ibòmíì, wọ́n yí wọn ká gbogbo ilé iṣẹ́ padà síbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé ìwé lọ sí sẹkitéríàtì rí, ẹ mọ̀ ọ́n. Nígbà tó wá mọ̀ pé jẹjẹrẹ wà níkùn òun, ó kọ́kọ́ lọ ń mutí kiri, kò gbádùn ẹ̀, ló bá padà wá sídìí tábìlì ẹ̀ pé òun á ṣe ibi ìṣeré yẹn kóun tó kú. Ibi tó ti ń bẹ̀bẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá, tó ń tẹrí ba, tó ń dúró sẹ́nu ọ̀nà wọn títí wọ́n á fi dá a lóhùn, kò sí ìjà nínú fíìmù kankan tó ká mi lára tó ìyẹn. Ẹ ṣọ́ra o, fíìmù kan wà tí wọ́n tún ìtàn yìí ṣe ní Ìlú Ọba ní 2022, Living lorúkọ ẹ̀, òun náà dáa, ṣùgbọ́n èyí àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò.

Tokyo Story ńkọ́, ti Yasujiro Ozu, 1953? Ìyá àti bàbá arúgbó kúrò ní Onomichi, wọ́n lọ kí àwọn ọmọ wọn ní Tokyo. Àwọn ọmọ ò burú, wọn ò ráyè ni. Wọ́n wá fowó rán wọn lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì létí òkun kí wọ́n lè ráyè ṣiṣẹ́ àwọn. Noriko, ìyàwó ọmọ wọn tó ti kú sógun, tí kò ní ẹ̀jẹ̀ wọn lára, òun ló gba ààyè níbi iṣẹ́ láti mú wọn kiri ìlú. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu, ẹ wá wo ibi tí ọmú ti gbẹ láìsí ẹni tó ṣẹ̀. Kámẹ́rà ẹ̀ wà nílẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, bó ṣe máa ń rí lójú ẹni tó jókòó sórí ẹní. Ó ń lọ jẹ́jẹ́, ẹ pa fóònù kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wò ó tẹ́ ẹ bá ní òbí láyé, tẹ́ ẹ bá sì ti ń gbé jìnnà sí wọn, ẹ kúkú tètè wò ó.

Ọmọ Kétu

Ẹ kú ìjíròrò o. Kétu, ní Bẹ̀nẹ̀ níbí, ni mo ti ń kọ̀wé. Ẹ ti lọ Ìráànù, ẹ ti dé Jàpáànù, kò sẹ́ni tó dárúkọ Ousmane Sembène ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàlì. Moolaadé, 2004, òun ló ṣe gbẹ̀yìn kó tó kú ní 2007. Ó gba ẹ̀bùn níbi àjọ̀dún fíìmù Cannes, Ebert fún un ní ìràwọ̀ mẹ́rin, ó tún wá fi í kún àwọn tó pè ní Great Movies, àwọn àròkọ tó kọ lórí fíìmù tó kà sí ńlá.

Abúlé kan ní Burkina Faso ni, Bámbárà ni wọ́n ń sọ. Àwọn ọmọbìnrin kan sá torí pé wọ́n fẹ́ dá abẹ́ fún wọn, mẹ́rin wá sá di ìyá kan tó ń jẹ́ Collé, wọ́n gbọ́ pé kò jẹ́ kí wọ́n dá abẹ́ fún ọmọ tiẹ̀. Collé ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó mú okùn aláwọ̀ kan, ó ta á sẹ́nu ọ̀nà, ó ní wọ́n wà lábẹ́ ààbò òun, kò sì sẹ́ni tó lè ré e kọjá, àwọn àgbà abúlé, àwọn obìnrin tó ń mú ọ̀bẹ lọ́wọ́, ọkọ ẹ̀, gbogbo wọn dúró síwájú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn. Òyìnbó lè ní kí wọ́n ṣàlàyé ìyẹn fún òun, ẹni tó bá mọ ohun tí màrìwò jẹ́ lẹ́nu ọ̀nà igbó ò nílò ìṣàlàyé. Nígbà tí àwọn ọkùnrin rí i pé rédíò ló ń la àwọn obìnrin lójú, wọ́n gba rédíò gbogbo wọn, wọ́n kó o jọ síwájú mọ́ṣáláṣí alámọ̀, wọ́n dáná sun ún.

Ẹ má fi han àwọn ọmọdé, ibi tí ọkọ ẹ̀ ti ń nà án lẹ́gba ní gbangba le púpọ̀. Ẹ bá ìyàwó yín wò ó, kẹ́ ẹ sì pe ìyá yín sí i tó bá ṣeé ṣe. Mo rí i pé àwọn obìnrin ilé wa ò bá mi sọ̀rọ̀ nígbà tí mo fi hàn wọ́n, ara wọn ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó dìde.

Ìyá Àtíláńtà

Ọmọ Kétu, ẹ ṣé gan-an. Mo fẹ́ fi Daughters of the Dust kún un, Julie Dash, 1991, fíìmù àkọ́kọ́ tí obìnrin dúdú ní Amẹ́ríkà darí tó wọ àwọn sinimá káàkiri ibẹ̀. Ìdílé Gullah kan (àtọmọdọ́mọ àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti Áfíríkà), àwọn Peazant, ní erékùṣù létí òkun níhà gúúsù, ọdún 1902, wọ́n fẹ́ kó lọ sí àríwá, ìyá àgbà wọn Nana ní òun ò lọ. Nígbà tí Julie Dash ń kọ ìtàn náà, àwọn òrìṣà wa ló fi ṣe àwòkọ́ àwọn èèyàn inú ẹ̀, Ọbàtálá ló wà lára Nana, Yemọja lára Yellow Mary, Ògún lára Eli. Kò sọ ọ́ sókè nínú fíìmù, ṣùgbọ́n wọ́n á hàn sí yín. Èdè wọn ò rọrùn, ẹ tan subtitle bó tilẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má sì retí ìtàn tó ń lọ tààrà. Wọ́n tún un ṣe ní 2016, ẹ̀dà yẹn ni kẹ́ ẹ wá, àwọn àwọ̀ ẹ̀ mọ́lẹ̀.

Èyí tó kù ni Mother of George, Ebert ò pẹ́ láyé tó ìgbà tó wọ sinimá, Ebert kú ní April 2013, fíìmù náà jáde ní September. Andrew Dosunmu ọmọ Nàìjíríà ló ṣe é, ìdílé Yorùbá ní Brooklyn. Ìgbéyàwó ló fi bẹ̀rẹ̀, aṣọ, orin, àdúrà, Bukky Ajayi wa ló ṣe ìyá ọkọ, ó gbàdúrà ọmọ fún ìyàwó, gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e, inú àdúrà yẹn ló ti jáde. Àwọn tó bá ti retí oyún rí, ẹ múra sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó wò ó.

Ọ̀gá Wáyà

Ẹ jẹ́ n sọ ti bí ẹ ó ṣe rí wọn, torí ẹnu lásán ò ṣeé wò. Tó bá jẹ́ Amẹ́ríkà, ẹ fi káàdì láíbìrì àdúgbò yín wọ Kanopy, ọ̀fẹ́ ni tí láíbìrì yín bá wà nínú ẹ̀, ọ̀pọ̀ irú fíìmù yìí wà níbẹ̀. Ìlú Ọba, ẹ wo BFI Player. Ní Èkó, ẹ máa wo ètò Alliance Française ní Ìkòyí àti Goethe-Institut, wọ́n máa ń fi fíìmù ilẹ̀ wọn han èèyàn, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ràn dọkumẹ́ńtárì, iREP ń bẹ, àjọ̀dún dọkumẹ́ńtárì tí wọ́n máa ń ṣe ní Freedom Park, ẹ̀ ń bá àwọn tó ṣe é sọ̀rọ̀ lójúkojú.

Ní ti dátà, ẹ má wò ó tààrà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ bá lè yẹra fún un, ẹ ra dátà òru, kẹ́ ẹ fi dáwúnlóòdù ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sùn, 480p ti tó fún fóònù, ó tó fún tẹlifíṣọ̀n kékeré pàápàá. Tí subtitle bá ń ṣáájú tàbí tó ń pẹ́ ju ẹnu lọ lórí VLC nínú kọ̀ǹpútà Windows, ẹ tẹ G tàbí H, á bá ẹnu mu, ẹ sì lè fẹ lẹ́tà ẹ̀ lójú fún ẹni tí ojú ń dùn. Ẹ má gba èyí tí wọ́n fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì bò, ohùn èèyàn ni ìdajì iṣẹ́ ẹ̀.

Gbogbo ohun tí Ebert kọ wà lórí rogerebert.com lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ wá Great Movies níbẹ̀. Ẹ wo orúkọ tó wà lókè àròkọ, torí àwọn ẹlòmíì ló ń kọ̀wé síbẹ̀ báyìí. Kẹ́ ẹ tó kà á, ẹ kọ́kọ́ wo fíìmù. Nínú Great Movies, ó máa ń sọ ìtàn dé òpin, ó gbà pé ẹ ti wò ó.

Ọmọ Òkè-Àdó

Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Children of Heaven ní Sátidé pẹ̀lú gbogbo ilé, Goodbye Solo fún èmi àti màdáámù, Hoop Dreams fún alẹ́ méjì bí tíṣà ṣe wí. Moolaadé màá dúró dìgbà tí ìyá mi bá wá. Mo tún rí Grave of the Fireflies nínú Great Movies yẹn, mo rí i pé kàtúùnù ni, ti Jàpáànù, mo rò pé kí n gbé e fáwọn ọmọ wò ní Sọ́ńdè kí n lè ráyè sinmi.

Ìyá Ìbejì Peckham

Rárá o! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Kàtúùnù ni lóòótọ́, Isao Takahata ló ṣe é ní 1988, Ebert sì fẹ́ràn ẹ̀ púpọ̀, àmọ́ ọmọ méjì ni tí ogun pa ìyá wọn, ẹ̀gbọ́n ń wá oúnjẹ fún àbúrò, kò rí. Ẹ̀yin àgbà ni kẹ́ ẹ wò ó, lọ́jọ́ tí kò sí iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. My Neighbor Totoro ni kẹ́ ẹ gbé fáwọn ọmọ, ọdún kan náà ló jáde, Hayao Miyazaki ló ṣe é, Great Movies náà ni, ẹ lè sùn tí wọ́n bá ń wò ó. Ẹ kan rí i pé Totoro gan-an lẹ dáwúnlóòdù, torí wọ́n máa ń to àwọn méjèèjì pọ̀ síbì kan náà.